Kí ẹ tó pààrọ̀ WC ilé yín: bí ẹ ṣe lè mọ èyí tí kì í fi omi ṣòfò

Ní ọ̀pọ̀ ilé, tí omi táǹkì òkè bá tán kí ọjọ́ tó pé, àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ tàbí ìyá tó ń fọṣọ la kọ́kọ́ máa ń bá wí. Kì í sábà sí ẹni tó máa ronú kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ omi ń gbà lọ. EPA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, sọ pé nínú gbogbo omi tí ìdílé ń lò nínú ilé lọ́hùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 30 nínú 100 tó ń bá WC lọ.

Lọ́hùn-ún, wọ́n kàn ń ṣí ẹ̀rọ ni, omi á sì yọ. Ní Ìbàdàn, Ìlọrin, Òṣogbo, Abẹ́òkúta àti Èkó, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní láti dúró de iná tàbí kí wọ́n ra epo sí jẹnẹrétọ̀ kí omi bọ́ọ̀hóòlù tó lè gòkè. Àwọn mìíràn ń ra omi lọ́wọ́ àwọn tó ń ti kẹ́ẹ̀gì kiri àdúgbò. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí kànga sì gbẹ, àwọn ìyá àti ọmọ ló ń ru omi. Gbogbo garawa omi tí WC bá gbé mì láìnídìí, ẹnì kan ló pọn ọ́n, tàbí kí ẹnì kan ti sanwó rẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá ẹ̀yin ìdílé tó ń múra láti pààrọ̀ WC sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ di mú kò ju ẹyọ kan lọ: WC tó ń ṣọ́ omi lò ni èyí tó ń gbé ẹ̀gbin lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò sì jò. Èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà kékeré sí lára, àmọ́ tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa tẹ̀ ẹ́ kí ó tó mọ́, òfò ni. Èyí tó sì mọ́ lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ tó ń jò tọ̀sán-tòru, òfò tó ju òfò lọ ni.

Omi mélòó ni WC ń lò?

Láti nǹkan bí ọdún 1980 títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, WC tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà máa ń lo nǹkan bíi lítà 13 nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fúlọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ń lo ju ìyẹn lọ. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1992 ló sọ pé láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, WC tuntun tí wọ́n bá ṣe fún ilé gbígbé kò gbọdọ̀ lò ju gálọ́ọ̀nù 1.6, ìyẹn lítà 6. Lónìí, èyí tó bá fẹ́ gba àmì WaterSense tí EPA ń fún àwọn tó ń ṣọ́ omi lò kò gbọdọ̀ kọjá gálọ́ọ̀nù 1.28, ìyẹn lítà 4.8. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lítà 9 ló wọ́pọ̀ láyé àtijọ́. Wọ́n dín in kù sí 7.5, nígbà tó sì di 2001, òfin tí wọ́n ti ṣe ní 1999 sọ ọ́ di lítà 6.

WC alábọ́tìnnì méjì tí gbogbo wa ń rí lọ́jà báyìí, Australia ló ti gbajúmọ̀. Ilẹ̀ tí ọ̀dá òjò máa ń bá fínra ni. Ilé iṣẹ́ Caroma ló gbé e jáde níbẹ̀ ní 1980: bọ́tìnnì ńlá fún ìgbẹ́, kékeré fún ìtọ̀. Nígbà náà, lítà 11 àti 5.5 ni wọ́n ń lò. Lónìí, àwọn tó wà tó ń lo 6 àti 3 pọ̀, àwọn mìíràn sì ń lo 4.5 àti 3.

Ẹ jẹ́ ká fi ìdílé ènìyàn mẹ́fà ṣe ìṣirò. Tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lo WC lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, ìgbà 30 nìyẹn. WC onílítà 9 á gba lítà 270, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mọ́kànlá. Onílítà 6 á gba lítà 180. Tó bá jẹ́ alábọ́tìnnì méjì tó ń lo 6 àti 3, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan tẹ ńlá lẹ́ẹ̀kan tó sì tẹ kékeré lẹ́ẹ̀mẹrin, lítà 108 péré ni, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin àti díẹ̀. Lítà 162 ló wà láàárín èyí àti onílítà 9 lóòjọ́ kan ṣoṣo. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó di lítà 4,860, ó kù díẹ̀ kó tó táǹkì onílítà 1,000 márùn-ún.

Nínú hádíìsì tí Anas ọmọ Málíìkì gbà wá, tó wà nínú Bukhari àti Muslim, a gbọ́ pé Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) máa ń fi múdù omi kan ṣe àlùwàlá, ó sì máa ń fi sáà kan títí dé múdù márùn-ún wẹ̀. Múdù ni ìkúnwọ́ méjèèjì àgbàlagbà, kò tó lítà kan. Sáà jẹ́ múdù mẹ́rin, tí ọ̀pọ̀ onímímọ̀ ṣírò sí nǹkan bíi lítà mẹ́ta. Omi tó tó ìwẹ̀ mẹ́ta ní ìwọ̀n yẹn ni WC onílítà 9 ń dà lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bó tilẹ̀ jẹ́ ìtọ̀ ọmọdé ló fẹ́ gbé lọ.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ èyí tó wà nílé wò

Kí ẹ tó jáde lọ sọ́jà, ẹ mọ ohun tí èyí tí ẹ ní ń lò. Kò le rárá. Ẹ ti ẹ̀rọ kékeré tí omi ń gbà wọ táǹkì ẹ̀yìn WC. Ẹ ṣí ọmọrí táǹkì náà, kí ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà síbi tí omi dé. Ẹ wá fúlọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ike omi tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ máa bu omi padà sínú táǹkì títí omi á fi dé ojú ìlà yẹn, kí ẹ sì máa kà á. Tó bá jẹ́ ike onílítà 1.5 lẹ lò, tí ẹ bù ú lẹ́ẹ̀mẹfà, lítà 9 ni WC yín ń lò.

Èkejì ni jíjò. Jíjò tó burú jù ni èyí tí kò pariwo. Omi á máa yọ́ láti táǹkì ẹ̀yìn bọ́ sínú àwo, á máa ṣàn lọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀. Tí omi tó ń yọ́ bẹ́ẹ̀ bá tó ike aádọ́ta sẹ́ńtílítà kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún, lítà 6 nìyẹn ní wákàtí kan, lítà 144 sì ni kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ìyẹn ju omi tí ènìyàn mẹ́fà fi lo alábọ́tìnnì méjì ní odindi ọjọ́ kan.

Láti dá a mọ̀, ẹ fi búlúù ìfọṣọ díẹ̀ tàbí àwọ̀ tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò sínú omi táǹkì. Kí ẹnikẹ́ni má fúlọ́ọ̀ṣì fún bí ìṣẹ́jú 15. Tí ẹ bá rí àwọ̀ náà nínú àwo, wáṣà tó wà nísàlẹ̀ táǹkì kò dí ihò dáadáa mọ́. Ọ̀nà mìíràn ni pé kí ẹ ti ẹ̀rọ rẹ̀ ní alẹ́ nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn, kí ẹ fa ìlà síbi tí omi dé, kí ẹ wò ó tí ẹ bá jí fún ìrun àsùbáà. Tí omi bá ti lọ sílẹ̀, ó ń jò.

Tí kì í bá ṣe wáṣà, ẹ wo bọ́ọ̀lù tó ń léfòó nínú táǹkì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá omi dúró tí táǹkì bá kún. Tó bá ti bàjẹ́, omi á máa ga títí á fi máa bọ́ sínú páìpù òòró tó wà láàárín táǹkì, tí àkúnwọ́sílẹ̀ ń gbà lọ sínú àwo. Ó yẹ kí omi dúró ní nǹkan bíi ìnṣì kan sísàlẹ̀ ẹnu páìpù yẹn.

Iyanrìn àti ìdọ̀tí pupa inú omi bọ́ọ̀hóòlù ló sábà máa ń ba àwọn wáṣà yìí jẹ́ ní ọ̀dọ̀ wa. Nígbà mìíràn, kí ẹ fọ táǹkì òkè, kí ẹ pààrọ̀ wáṣà, ó ti tó. Tí WC yín kì í bá lò ju lítà 6 lọ, tó ń mọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún un ṣe ni. Ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ torí pé aládùúgbò pààrọ̀ tiẹ̀. Fífi owó ṣòfò kò yàtọ̀ sí fífi omi ṣòfò.

Àwọn kan máa ń sọ bíríkì sínú táǹkì kí omi tó ń gbà lè dín kù. Bíríkì máa ń rà díẹ̀díẹ̀, eérú rẹ̀ á sì lọ há sábẹ́ wáṣà, á wá fa jíjò. Tí ẹ bá fẹ́ dín omi WC onílítà 9 tàbí 13 kù fúngbà díẹ̀, ike tí ẹ rọ omi kún tí ẹ dé pa ló dára, kí ẹ gbé e síbi tí kò ní di ohunkóhun lọ́wọ́. Tí ẹ bá ṣe é, tó wá di pé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ń fúlọ́ọ̀ṣì, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ni ìgbà tó bá ti sán, tàbí tó ń lo lítà 9 sókè, tàbí tí kì í mọ́ àfi kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, tàbí tí ẹ ò rí ohun èlò rẹ̀ rà mọ́.

Tí ẹ bá dé ọjà

Ẹ má kọ́kọ́ wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹ béèrè pé lítà mélòó ló ń lò, kí ẹ sì wá nọ́ńbà náà fúnra yín lára páálí tàbí lára àwo. Tí ẹ bá rí "6/3L" tàbí "4.5/3L", lítà fún bọ́tìnnì ńlá àti kékeré ni. Lára èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, ẹ ó rí "gpf", ìyẹn gálọ́ọ̀nù, àti "lpf", ìyẹn lítà. "1.6 gpf" jẹ́ lítà 6. Tí ẹni tó ń tajà bá ní kì í lo omi púpọ̀, àmọ́ tí kò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Nọ́ńbà nìkan ò tó. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ tí WC fi ń gbé ẹ̀gbin lọ. Èkíní ni èyí tí omi ń já wálẹ̀ pẹ̀lú agbára láti táǹkì, tó sì ń ti ẹ̀gbin gba ọrùn WC kọjá. Òun ló wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọrùn rẹ̀ fẹ̀, kì í tètè dí, ó sì rọrùn láti fi garawa da omi sí nígbà tí ẹ̀rọ ò bá ṣiṣẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé omi tó dúró nínú àwo rẹ̀ kéré, nítorí náà ẹ̀gbin lè lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ díẹ̀, tí ẹ ó sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Èkejì ni èyí tó pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Omi á kún ọrùn rẹ̀ tó rí tóóró, á wá fa gbogbo ohun tó wà nínú àwo lọ, bí àwọn mẹkáníìkì ṣe ń fi rọ́bà fa epo látinú táǹkì ọkọ̀. Ó ń dákẹ́, àwo rẹ̀ sì ń mọ́, àmọ́ nítorí pé ọrùn rẹ̀ tóóró, ó máa ń tètè dí tí ènìyàn bá ju nǹkan sí i.

Ìdánwò wà tí wọ́n ń pè ní MaP, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ní 2003. Ẹ̀wà sóyà lílọ̀ ni wọ́n máa ń kó sínú WC, tí wọ́n á sì wò ó bóyá fúlọ́ọ̀ṣì kan lè gbé e lọ. Gíráàmù 350 ni èyí tó kéré jù tí WaterSense ń gbà, 1,000 sì ni òkè téńté. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà lè béèrè nọ́ńbà yìí kí ẹ tó rà. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà kò ní in. Nítorí náà, ẹ wá ibi tí irú èyí tí ẹ fẹ́ rà ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ẹbí tàbí ọ̀rẹ́, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń fọ̀ ọ́ bóyá ẹ̀ẹ̀kan ló ń mọ́. Ẹni tó ń fọ WC ló mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ nípa WC.

Ẹ béèrè ohun èlò inú rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú alábọ́tìnnì méjì, wáṣà rọ́bà pẹrẹsẹ kan ló ń dí omi nísàlẹ̀ táǹkì. Ọjọ́ kan á dé tí ẹ máa ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Tí kò bá sí èyí tó bá a mu lọ́jà àdúgbò yín, WC tó ń ṣọ́ omi lò lónìí lè di èyí tó ń jò lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ ra wáṣà kan sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ra WC náà.

Tí bàbá tàbí ìyá àgbà bá wà nílé tí orúnkún ń dùn, ẹ wo bó ṣe ga tó. Èyí tí ìjókòó rẹ̀ ga tó ìnṣì 17 sí 19 láti ilẹ̀ máa ń rọrùn fún wọn láti jókòó lé àti láti dìde. Àwọn ọmọ kékeré lè lo àpótí láti fi gbé ẹsẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ ńkọ́? Ẹ lè rí ojúlówó níbẹ̀, ó sì lè dín owó kù, àmọ́ ibẹ̀ náà ni àwọn onílítà 13 sá pamọ́ sí. Ẹ ṣí ọmọrí táǹkì rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, wọ́n máa ń tẹ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sí abẹ́ ọmọrí tàbí sí inú táǹkì. Tí ọdún náà bá ṣáájú 1994, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá kí ọdún 2001 tó dé lè jẹ́ onílítà 7.5 tàbí 9. Ẹ da omi sí i níbẹ̀, kí ẹ wo gbogbo ara rẹ̀ bóyá ó sán. Tí ẹ bá sì gbé e délé, ẹ fi omi fọ̀ ọ́ títí àwọ̀ àti òórùn ẹ̀gbin á fi kúrò pátápátá.

Ẹ wọn ihò kí ẹ tó sanwó

Ọ̀pọ̀ owó ló ti ṣègbé níbí yìí. Àwọn WC kan, inú ilẹ̀ ni ẹ̀gbin ń gbà jáde. Àwọn mìíràn, ẹ̀yìn ni, sínú ògiri. Ẹ wo èyí tí tiyín jẹ́. Tó bá jẹ́ ti ilẹ̀, ẹ fi tépù wọn ibi ògiri títí dé àárín ihò náà, láti ojú táìsì kì í ṣe láti ojú bíríkì. Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà sábà máa ń fẹ́ ìnṣì 12. Tí ihò yín bá wà ní ìnṣì 8, táǹkì rẹ̀ á máa kọlu ògiri, àfi kí ẹ fọ́ ilẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ògiri, ẹ wọn bí ihò ṣe ga tó láti ilẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà yìí sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ sọ́jà pẹ̀lú tépù.

Ẹ wo páìpù tó lọ sí sọ́kàwéè pẹ̀lú. Tó bá sún mọ́lé tó sì dagun dáadáa, omi kékeré á gbé ẹ̀gbin débẹ̀. Tí ọ̀nà bá jìn, tí páìpù sì tẹ́jú, ẹ̀gbin lè dúró lọ́nà. Irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ẹ má ṣe lọ sísàlẹ̀ lítà 6 fún bọ́tìnnì ńlá. Èrè kan tún wà níbẹ̀: bí omi tó ń wọ sọ́kàwéè bá ṣe dín kù tó ni ilẹ̀ ṣe ń ráyè fà á mu, tí kò sì ní máa kún lójijì lásìkò òjò.

Ohun tí ìmọ́tótó ẹ̀sìn wa ń béèrè

Ṣíṣọ́ omi lò kò túmọ̀ sí kí ẹ̀gbin ṣẹ́kù. Hádíìsì Ibn Abbas lórí àwọn sàréè méjì, tó wà nínú Bukhari àti Muslim, fi yé wa pé ìyà ń jẹ ọ̀kan nínú wọn torí pé kì í ṣọ́ra fún ìtọ̀. Nítorí náà, WC tí omi rẹ̀ ń ta sókè kan ara àti aṣọ, tàbí tí ìtọ̀ ń ṣẹ́kù sí etí rẹ̀, kò yẹ ilé tí wọ́n ti ń kírun, bó ti wù kí omi rẹ̀ kéré tó. Èyí tí wọ́n ń ṣe láìní etí tó ká sínú rọrùn láti fọ̀, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa kí omi rẹ̀ má ta jáde.

Àǹfààní kan wà tí àwa ní. Nítorí pé omi la fi ń ṣe ìmọ́tótó lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, ìwé ìnùdí tó ń wọ inú WC wa kì í pọ̀. Lẹ́yìn ìtọ̀, omi bútà tí a fi ṣan ara ti bá a lọ sínú àwo, bọ́tìnnì kékeré sì ti tó. Ìdílé Mùsùlùmí ló yẹ kí alábọ́tìnnì méjì wúlò fún jù. Tí ẹ bá ń lo rọ́bà tó ń fún omi dípò bútà, ẹ fi ẹ̀rọ kékeré sí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì máa tì í lẹ́yìn lílò. Rọ́bà tí omi ń tì láti inú nígbà gbogbo lè bẹ́ nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé.

Ọ̀rọ̀ Kíbílà tún wà. Hádíìsì Abu Ayyub al-Ansari kọ̀ fún ẹni tó ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ láti kọjú tàbí kọ̀yìn sí Kíbílà. Abdullahi ọmọ Umar sì ròyìn pé òun rí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun nínú ilé, tí ẹ̀yìn rẹ̀ wà sí Kíbílà. Ìdí nìyí tí àwọn onímímọ̀ fi yàtọ̀ lórí ìgbọ̀nsẹ̀ inú ilé. Àwọn onímímọ̀ Málíkì, tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé, wà lára àwọn tó gbà á láyè níbi tí ògiri bá wà. Àwọn mìíràn ní ká yẹra fún un níbi gbogbo. Tí WC yín bá wà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ bi àáfà yín. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ máa fọ́ ilẹ̀ tàbí ẹ ń kọ́lé tuntun, ẹ sọ fún plọ́ńbà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ pé ẹ fẹ́ kó dábùú. Ní Nàìjíríà, Kíbílà wà ní ìlà-oòrùn tó yà díẹ̀ sí àríwá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wà láàárín ìlà-oòrùn àti gúúsù. Ọ̀rọ̀ tí kò náni ní kọ́bọ̀ lónìí ni, tó lè di fífọ́ táìsì lọ́la.

Omi àlùwàlá náà kò yẹ kó kàn ṣòfò. Ẹ gbé abọ́ síbi tí ẹ ti ń ṣe é. Omi tó bá kó jọ, ẹ fi garawa da á sínú àwo WC. Ẹ má dà á sínú táǹkì ẹ̀yìn rẹ̀, pàápàá tí ọṣẹ bá wà nínú rẹ̀, torí ó máa ń rùn, ó sì ń ba wáṣà jẹ́.

Nígbà tí plọ́ńbà bá dé

Ẹ dúró tì í. Ẹ ní kó fi ẹ̀rọ kékeré sí ẹnu ibi tí omi ń gbà wọ táǹkì, kí ẹ lè máa tì í tí nǹkan bá bàjẹ́, láìsí pé ẹ ti omi gbogbo ilé. Ẹ má jẹ́ kó fi síméńtì ri ìdí WC mọ́lẹ̀ pátápátá, torí ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, fífọ́ ni. Bóòtù tàbí gọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n ń fi dí etí ló dára. Tó bá parí, ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn yí ìdí rẹ̀ ká, kí ẹ fúlọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ sì wò ó bóyá ìwé náà tutù. Ẹ tún fi búlúù dán an wò bí a ti sọ lókè, kí ẹ tó san owó tó kù.

Ẹ má gbé WC àtijọ́ jù sínú gọ́tà tàbí sí ẹ̀yìnkùlé. Omi òjò á dúró sínú rẹ̀, ẹ̀fọn á sì fi ṣe ilé. Ẹ fọ́ ọ, kí ẹ lò ó láti fi kún kòtò.

Àwọn tó ń lò ó ló kù

Bí WC bá dára tó, ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló kù sí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tó ní alábọ́tìnnì méjì, ńlá ni gbogbo ènìyàn ń tẹ̀, àwọn mìíràn sì ń tẹ méjèèjì pọ̀. Ẹ pe àwọn ọmọ, kí ẹ fi hàn wọ́n: kékeré fún ìtọ̀, ńlá fún ìgbẹ́. Ẹ lẹ ìwé kékeré mọ́ ara ògiri fún àlejò. Ẹ kìlọ̀ fún gbogbo ilé kí wọ́n má ju páàdì, ìlédìí ọmọ tàbí aṣọ àkísà sínú rẹ̀, torí omi tí a fi ń wá bí a ṣe máa ṣí WC tó dí máa ń pọ̀ nígbà mìíràn.

Nígbà tí iná ò bá sí tí omi ò sì gòkè, garawa onílítà 10 kò pọndandan. Rọ́bà ọ̀dà onílítà 4 kan tó kún, tí ẹ bá gbé e sókè díẹ̀ tí ẹ sì dà á lẹ́ẹ̀kan náà sí àárín àwo, á gbé ìtọ̀ lọ. Ìgbẹ́ lè fẹ́ rọ́bà kan àti àbọ̀. Bí ẹ bá ń dà á díẹ̀díẹ̀, garawa méjì lè tán kí ẹ̀gbin má sún kúrò lójú kan. Agbára ìdàsílẹ̀ ló ń gbé e lọ.

Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ ṣe ìṣirò lítà yín, kí ẹ gbé e tọ onílé lọ. Onílé tó ń sanwó epo pọ́ǹpù tàbí tó ń pe ọkọ̀ wá fa sọ́kàwéè ní gbogbo ìgbà máa tètè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin onílé náà, ẹ má dúró dìgbà tí WC bá sán. Ẹ fi búlúù dán gbogbo WC inú ilé wò lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Wáṣà kan tí ẹ bá pààrọ̀ lè tó láti dá odindi kẹ́ẹ̀gì márùn-ún padà fún ilé lójúmọ́, kí ẹ tó náwó kankan lórí WC tuntun.